Ìyókù Orin tí Mo Gbé Lọ sí Ṣàgámù

Lọ́jọ́ tí mo fọn fèrè ní Ṣàgámù, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní oríta Ìntàséǹjì ló pa ẹ̀rọ ara wọn láìsí pé awakọ̀ kankan fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń lọ sí Bìní gbàgbé Bìní. Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́bàá títì, wọ́n ń sunkún ohun tí wọn kò mọ̀. Òjò tó ti ṣú láti àárọ̀ tẹríba, ó yà gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ, ó ní ariwo òun kò gbọdọ̀ ba irú ohùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀.

Èmi Àjàdí ni mo ń sọ̀rọ̀, ará Ṣakí, ọmọ Òkè-Ògùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nílé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin kí olùkọ́ wa tó sọ fún bàbá mi pé ìwé àti èmi kò jọ ń lọ síbì kan náà. Ṣùgbọ́n mo mọ fèrè, fèrè idẹ tí àwọn òyìnbó ń pè ní tìróńpẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo fi jẹun nígbà ọ̀dọ́ mi ní Ìbàdàn, lábẹ́ ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Jósẹ́fù, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa tú ká, Ọ̀gá padà sílé lọ máa tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà padà sí Ṣakí, mo di àgbẹ̀ oníṣu. Mo gbé fèrè kọ́ ara ògiri. Aláǹtakùn ló ń bá mi gbé inú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi dún.

"Ẹ káàsán o, sà. Ṣé Bàbá Àjàdí onífèrè nìyẹn?"

Ohùn obìnrin ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti fi onífèrè kún orúkọ mi. Mo gbé àgádá sílẹ̀.

"Èmi ni Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ Ọ̀gá Jósẹ́fù. Bàbá mi ti sùn. Mo ń kó orin wọn jọ, mo fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀ sínú àwo. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ dé àárín, tí ìwé parí lé e lórí. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Àjàdí mọ ìyókù. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá pè mí láti ọdún wọ̀nyí wá, iṣu ló máa ń bi mí. Lónìí, òkú ọ̀gá mi ránṣẹ́ sí mi láti orí ìwé. Kí ni ẹ̀yin ìbá wí?

Mo ní, "Bí mo ṣe mọ orúkọ mi."

Inú rẹ̀ dùn. Ó wá ṣàlàyé. Orin jáàsì ni, irú èyí tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù. Kò sí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn òun; òun fúnra òun ló ń pe àwọn olórin, láti Èkó, láti Abẹ́òkúta, títí dé Kútọnu. Wọ́n máa pàdé ní Ṣàgámù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó wá fi gbólóhùn kan kún un tó lẹ̀ mọ́ mi létí títí di òní: "Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, sà, ẹ sọ fún mi. Mo máa yọ orin yẹn kúrò. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ dí àlàfo bàbá mi."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi," ni mo wí.

Ìyàwó mi gbọ́ jáàsì, ó rò pé oògùn agbára ọkùnrin ni mo fẹ́ lọ rà.

"Ní ọjọ́ orí yìí, Bàbá Ràfíù? Ta lẹ fẹ́ ṣe?"

"Orin ni."

"Orin wo ló wà ní Ṣàgámù tí kò sí ní Ṣakí?"

Mo sọ fèrè kalẹ̀ lára ògiri, mo gbọn aláǹtakùn dànù. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi náà nìyẹn.

*

Ọ̀nà náà jìn. N kò ní yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú ọkọ̀ tí mo wọ̀ àti èyí tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe lójú ọ̀nà ni kí ẹ gbọ́: mo ń wá orin. Mo gbé orí ti fèrèsé, mo ń wo igbó tó ń sá lọ sẹ́yìn, mo sì ń tú inú orí mi bí ẹni ń tú àpótí ìyá àgbà. Ní Ìsẹ́yìn, orin kan yọjú. Mo dì í mú, mo gbọ́ ọ dáadáa. Orin ìyàwó ni. Ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, òmíràn wá tó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó rántí pé orin ìpolówó ọṣẹ ni, ti inú rédíò àtijọ́. Oorun gbé mi. Mo rí Ọ̀gá Jósẹ́fù lójú oorun, ó wọ kóòtù eérú rẹ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa lórí títì márosẹ̀, ọkọ̀ ń sáré, òun ń rìn jẹ́jẹ́, síbẹ̀ a kò kọjá rẹ̀. Mo ké sí i pé, "Ọ̀gá, ìyókù ńkọ́?" Ó ṣí fìlà fún mi bí ó ṣe máa ń ṣí i fún àwọn obìnrin, ó sì yà sínú igbó.

Ìgbà tí mo jí, a ti dé Ìntàséǹjì. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí á rò pé gbogbo Nàìjíríà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọjà kan ń tú. Búrẹ́dì ń sáré, ìpékeré ń sáré, omi inú ọ̀rá ń sáré tọ ọkọ̀ tí kò tíì dúró. Èmi ará òkè, mo dúró láàárín gbogbo rẹ̀ bí òpó, àpò fèrè mi lábẹ́ abíyá.

Obìnrin kan tó ń ta ìpékeré wá bá mi. "Bàbá, ibo lẹ ń yún?"

Ibi tí àwa ti ń sọ pé lọ, yún ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó dà bíi pé ìrìn kò ní rẹ ẹni tó bá ń yún.

"Ìkẹ́nnẹ́ ni."

"Kí lẹ dì sínú àpò yìí? Kì í ṣe ìbọn, àbí?"

"Fèrè ni. Tí mo bá fọn ọ́n níbí, ọjà yín á tú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọn ọ́n o. Mi ò tíì tà."

Ó gbé igbá rẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ọwọ́ bàbá tó bí i mú, ó sọdá títì ńlá yẹn pẹ̀lú mi, ó ń nàka sí àwọn awakọ̀, ó ń pè wọ́n ní orúkọ ẹranko. Ó fi mí sínú ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Kò béèrè orúkọ mi, n kò béèrè tirẹ̀. Bí ó ṣe fún mi ní ìpékeré ìdì kan ló ti sáré padà. Àwọn ènìyàn Rẹ́mọ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn.

*

Ìkùukùu ló bo Ìkẹ́nnẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo jí níbẹ̀. Igi kòkó dúró nínú rẹ̀ bí àwọn àgbà tí wọ́n da aṣọ funfun borí. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún láti inú rẹ̀, n kò rí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ìlú náà dákẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú yàrá kejì, wọ́n sì ń kí ni kí wọ́n tó kọjá, wọ́n á tún yíjú padà kí ni lẹ́ẹ̀kejì bóyá ti àkọ́kọ́ kò dé etí.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹni tí mo dé sí ilé rẹ̀, tó ẹni àádọ́ta ọdún. Tíṣà ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíláàsì kẹrin ni mo ṣì wà. Onímẹ́tọ́díìsì ni wọ́n nílé náà. Èmi jẹ́ mùsùlùmí dé ibi tí orúnkún mi bá lè tẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìrun tó, mo bá ẹní tí wọ́n ti tẹ́ sí igun pálọ̀, kẹ́tùrù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ti fi omi gbígbóná díẹ̀ lú u nítorí òtútù. Ojú tì mí, mo kí ìrun gbogbo rákà pé.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wọ́n gbé ohun kan síwájú mi nínú ewé, ó ń rú èéfín. Ebiripo ni wọ́n ń pè é. Kókò ni wọ́n rin, tí wọ́n pọ́n séwé, tí wọ́n sè. Lọ́dọ̀ wa, kókò ni a ń jẹ nígbà tí iṣu bá ń bínú sí wa. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, mo ń wá iyán. Kò sí iyán. Mo tú ewé kan, mo fi kan ẹ̀fọ́ àti ẹja. Mo tú èkejì. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ewé mẹ́fà ló wà níwájú mi, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ṣé kí n fi kún un?"

"Má dá mi lẹ́jọ́, ọmọ mi. Àwọn ewé yẹn ló ń tú ara wọn."

Lẹ́yìn oúnjẹ ló gbé ìwé kíkọ kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Orúkọ olórin mẹ́rìndínlógún, ohun tí olúkúlùkù ń jẹ, ẹni tó lè ka àmì orin àti ẹni tó jẹ́ pé etí nìkan ló ní, ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀ nítorí ìjà àtijọ́. Ó ti bẹ àwọn wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti máa gba orin sílẹ̀ pé kí irin sinmi lọ́jọ́ náà. Ó ti bẹ ẹni tó ń sin tòlótòló pé kí tirẹ̀ náà má pariwo. Ọdún méjì ló fi ṣe é, lẹ́yìn iléèwé, pẹ̀lú fóònù kan ṣoṣo.

Ó wá tẹ́ ìwé bàbá rẹ̀ síwájú mi. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Àmì orin ń lọ lórí ìlà bí èèrà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, lójijì wọ́n dáwọ́ dúró. Lábẹ́ wọn: Àjàdí mọ ìyókù.

"Ẹ fẹnu kọ ọ́ fún mi díẹ̀, sà, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ò rí i, àpótí orí mi ti ṣófo láti Ìbàdàn. Mo ní, "Orin yẹn kì í jáde nínú ilé. Ọ̀gá ní ojú ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ti jáde."

Ó gbà mí gbọ́. Òun ló burú jù.

Ṣùgbọ́n mo ní ọgbọ́n kan. Onífèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé rẹ̀ láìka èmi. Mo mọ àwọn onífèrè. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn méjì mẹ́ta, tí mo wá wúkọ́, agbéraga kan láàárín wọn á gbà á lẹ́nu mi, á máa gbé e lọ. Ibi tó bá gbé e dé, mo máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni. Ta ló máa mọ ohùn ta ni?

*

Sítọ́ọ̀ obì ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, ní Òfin, láàárín Ṣàgámù àtijọ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Wálé ló fà á, ọkùnrin gẹ̀rẹ̀jẹ̀ kan tó jẹ́ pé òun ló ni máìkì àti ẹ̀rọ. Iṣẹ́ Wálé ni pé kó wọ yàrá, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tẹ́tí. Ó ti pàtẹ́wọ́ káàkiri Rẹ́mọ. Ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ́wọ́ náà padà wá bá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sítọ́ọ̀ Àlàájì Rájí, oníṣòwò obì, ni ibi kan ṣoṣo tí àtẹ́wọ́ ti lọ tí kò bọ̀ mọ́. Agbọ̀n obì ni wọ́n tò láti ilẹ̀ dé àjà yíká ògiri, ewé tútù ni wọ́n sì fi bo inú wọn. Ewé àti obì ń gbé ohùn mì.

Àlàájì gbà, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i. Tírélà tó ń lọ sí Kánò máa dé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Tí agbọ̀n bá ti jáde, ògiri di ìhòòhò, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Àwọn olórin ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan wá láti Ògijo, iléeṣẹ́ irin ló ń bá ṣiṣẹ́, ìlù òyìnbó ló ń lù; ó ní láàárín irin tó ń dún níbi iṣẹ́ lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ìlù jẹ́jẹ́. Ẹnìkan gbé jìtá onígi wá tó ga ju ènìyàn lọ, ó di í mọ́ra bí ẹni gbé aláìsàn. Obìnrin kan dé láti Kútọnu pẹ̀lú sáàsófóònù. Yorùbá Kétu ni Yorùbá rẹ̀, Faransé ló sì fi ń bínú. A sọ ọ́ ní Ìyá Kútọnu lójú ẹsẹ̀. Òórùn ewé àti obì tútù kún ibẹ̀, ó ń mú ojú wúwo. Ní àgbàlá, àwọn obìnrin mẹ́fà jókòó yí òkè obì ká, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Ìyá Sàfú ni olórí wọn, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ wọn lọ.

Àlàájì Rájí dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwo gbànja. Wọ́n tóbi, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán.

"Ilé obì nìyí," ó wí. "Ẹni tó bá wọlé obì tí kò jẹ obì, ọ̀tá ni. Ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀tá mi. Ẹ jẹ ẹ́ tán kí n rí i."

Ta ló máa sọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé òun ò jẹ? Ó fi ilé rẹ̀ lélẹ̀ láìgba nǹkan kan. Olúkúlùkù mú odidi kan, wọ́n ń fi eyín wó o, ojú wọn ń fún pọ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Ó kàn mí. Eyín iwájú mi pé, ẹ rántí pé onífèrè ni mí. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ti lọ láti ìgbà pípẹ́. Mo ju gbànja sẹ́nu, mo yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mi po, po, po, mo fi ọwọ́ nu ẹnu, mo fi ọwọ́ kan náà tún fìlà ṣe lórí, gbànja ti wà nínú rẹ̀.

"Ẹ wo àgbà!" ni Àlàájì ké. "Bí ọmọ Ṣàgámù ni wọ́n ṣe jẹ ẹ́!"

Mo tẹ́wọ́ gba ìyìn náà.

*

Wálé de ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, ó gbé ọwọ́ sókè. Àwọn onífèrè mẹ́sàn-án gbé fèrè sẹ́nu, èmi náà gbé tèmi, mo fara pamọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn. Wọ́n fọn ọ́n.

Ohun tó jáde dà bí ewúrẹ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti mọ́ ilé ìwẹ̀. Wọ́n tún fọn ọ́n. Ewúrẹ́ di ẹyẹlé. Gbànja ti fa ètè wọn gbẹ, ó fún ẹnu wọn pọ̀, ahọ́n kò rí itọ́ fi yí. Wọ́n ní kí wọ́n mu omi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi a máa dùn lẹ́yìn obì. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń yìn ín, fèrè ò dún.

Ìyá Sàfú ti fọwọ́ bàdí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ta ló ń jẹ gbànja tó tún ń súfèé? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ṣàgámù!"

"Ẹ ò sì sọ fún wa, Màmá," ni ará Ògijo wí.

"Ẹ bi mí ni? Mo rò pé ìdí ni wọ́n fi ń fọn ọ́n."

Àlàájì di ara rẹ̀ lórí mú. "Àlejò ò lè sọ pé òun ò jẹ. Èmi náà ò lè sọ pé mi ò fún àlejò. Ta ni ká dá lẹ́bi báyìí?"

Ìyá Kútọnu sọ ohun kan ní Faransé tí gbogbo wa lóye.

Mọ́rẹ́nikẹ́ wo oòrùn. Ìrun Àílà ti kọjá. Mo rí i tí ó di ìwé kíkọ yẹn mú mọ́ àyà, tí ọdún méjì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí omijé. Ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ̀yin náà jẹ ẹ́, àbí?"

Ọ̀nà àbáyọ mi rèé, ẹ̀yin ará. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, mo ti bọ́. Mo mi orí pé mo jẹ ẹ́. Mo mì í jù. Gbànja yọ láti inú fìlà, ó bà mí léjìká, ó sì yí lọ sí ẹsẹ̀ Àlàájì.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì alára rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí agbọ̀n. Mọ́rẹ́nikẹ́ nìkan ni kò rín. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run ló fi yín pamọ́ fún wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba èyí tí bàbá mi kò kọ parí. Ẹ̀yin nìkan, sà, pẹ̀lú dùrù, jìtá àti ìlù. Tí ẹnu àwọn tó kù bá tú, wọ́n á kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín."

Bí mo ṣe wà nìyẹn, ní èmi nìkan, tí n kò rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni sá sí.

Ó jókòó sídìí dùrù, ó tẹ́ ìwé síwájú, a bẹ̀rẹ̀. Apá àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n kí orí mi tó rántí. A jọ rìn ín bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní kùtùkùtù, ìrì ń tutù lẹ́sẹ̀. Mo ń rí ìparí ìwé tó ń bọ̀ bí ẹni rí etí odò. Ó dé. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí dùrù. Ó gbójú sókè wò mí.

N kò ní nǹkan kan lórí. Mo pa ojú dé, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú idẹ.

Ohùn kékeré ló jáde, bíi ti ẹni tó ń kágò lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mo tún kágò. Lẹ́yìn náà ni mo rí Ọ̀gá Jósẹ́fù. Ó la àárín agbọ̀n méjì kọjá láìmì wọ́n, ó jókòó sórí ọ̀kan pẹ̀lú kóòtù eérú rẹ̀, ewé obì lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀. Mo fi fèrè bi í pé, Ọ̀gá, kí ni ìyókù? Kò dáhùn. Mo bi í láti ìsàlẹ̀, mo bi í láti òkè. Mo bi í bí ọmọdé, mo bi í bí ẹni tí wọ́n jẹ níyà. Ará Ògijo ti wọlé sẹ́yìn mi pẹ̀lú ìlù jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ̀lé àgbà lọ láìjẹ́ kó mọ̀. Gbogbo obì inú agbọ̀n di etí. Ìkùukùu orí àpáta Ṣakí wọ inú ilé, ó bo ẹsẹ̀ wa, Ìbàdàn ìgbà èwe mi ń tàn lábẹ́ rẹ̀ bí owó ẹyọ lábẹ́ omi. Mo béèrè títí ó fi rẹ̀ mí. Ìgbà tí mo dẹwọ́, mo gbọ́ ìka Mọ́rẹ́nikẹ́ lórí dùrù, ó ń tẹ ohùn kan ṣoṣo bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn. Mo gba ibẹ̀ wọlé. Orin parí.

Àwọn obìnrin àgbàlá ti dáwọ́ dúró, obì lọ́wọ́ wọn.

"Ẹni yìí ò jẹ obì lóòótọ́," ni Ìyá Sàfú wí.

Omijé ń ṣàn lójú Mọ́rẹ́nikẹ́, kò nù ún. "Bàbá mi nìyẹn," ó wí. "Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Wálé gbé ọwọ́ sókè sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ṣì ń gbà. Mo pa ẹnu dé. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi.

Nígbà tí ẹnu tú, a gba àwọn orin tó kù sílẹ̀, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá kọ́ ìyókù yẹn lẹ́nu mi. Ìyá Kútọnu ló ń gbé e fún wọn, ó ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ yí ohùn kan padà, nítorí orin òkú ni. Lẹ́yìn Àlàásárì, wọ́n fọn ọ́n pọ̀, ó kún ilé bí omi. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, nítorí tí wọ́n bá dákẹ́, ẹnìkan á bi mí léèrè.

Tírélà dé. Àwọn alábàárù ń ru agbọ̀n jáde. Wálé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láti fi dágbére. Àtẹ́wọ́ náà padà wá bá a. Níbẹ̀ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wá dúró tì mí.

"Sà, ṣé bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

*

Mo ti padà sílé. Ìyàwó mi ní mo ti sanra díẹ̀ sí i, ó ní ebiripo ni. Mo ti ròyìn ìrìn-àjò yìí lábẹ́ igi, ní oko, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ó sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Àsọdùn yòókù, ẹ ti ń bá a gbé, ẹ mọ bí ẹ ó ṣe yọ egungun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó ní òun máa kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé gbogbo orin inú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá òun ló ni wọ́n. Ó ní kí n gbàdúrà sí i.

N kò rí àdúrà náà gbà. Bóyá Ọ̀gá rò pé òun ti kọ́ mi ní orin yẹn lóòótọ́. Bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí ó mọ̀ pé n kò gbà rí pé n kò mọ nǹkan kan. Èwo ló jẹ́, òkú ò sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí ẹnikẹ́ni má fi tirẹ̀ dí àlàfo yẹn, mo sì fi tèmi dí i, lójú rẹ̀, mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìròyìn yìí sílẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ kí èyí tó dé ọwọ́ yín. Tó bá fẹ́ yọ orin náà kúrò, kó yọ ọ́. Ó ṣì ní àyè. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ayé tó gbọ́ ọ lẹ́nu fèrè. Èyí tí mo hùmọ̀ nìyí: láti ibi tí ìwé Ọ̀gá Jósẹ́fù ti parí, títí dé òpin orin, kì í ṣe Ọ̀gá. Èmi ni.